Ẹ̀ṣọ́ Ròde, Kò Padà Wálé

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìwà ni àwọn àgbà tó pa òwe yìí ń sọ: ẹni tí kò bá ní in nílé, kò síbi tí yóò ti yá a lóde. Wọn ò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òyìnbó yóò mú òwe náà bó ṣe wà gẹ́lẹ́, tí yóò wọlé, kó ẹ̀ṣọ́, kó sì gbé e ròde. Wọn ò sì mọ̀ pé ọmọ onílé fúnra rẹ̀ yóò wọ bàálù tẹ̀ lé e, kó lè ya fọ́tò níwájú ẹrù bàbá rẹ̀.

Ẹ ti mọ ọkùnrin náà. Ẹ jẹ́ ká pè é ní Bọ̀dá Ìrìn-Àjò. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni, Èkó ló ti ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn tó ti to ìwé físà títí, tó ti kó ìwé báńkì oṣù mẹ́fà sílẹ̀, ó dé Lọ́ńdọ̀nù. Ọjọ́ kẹta, ó wọ British Museum. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀. Ẹni tó ni ẹrù ló ń náwó kó tó débẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn òkú Íjíbítì ló kọ́kọ́ yà sí. Ọkùnrin yìí kan náà kì í fẹ́ gba ẹ̀bá igbó Ọ̀ṣun kọjá l'Óṣogbo, ó ní ère ò bá ẹ̀sìn òun mu. Ṣùgbọ́n òkú ọlọ́kùú tí wọ́n ti fi aṣọ dì láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, ó na ìka méjì sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fẹyín, ó fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp.

Ohun kan wà lọ́wọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà tí ì bá béèrè. Ọlọ́wẹ̀, ará Ìsẹ̀, àgbà agbẹ́gilére, ló gbẹ́ ilẹ̀kùn kan fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ láàárín ọdún 1910 sí 1914. Lápá kan, ọba jókòó, adé gíga lórí, olorì lẹ́yìn rẹ̀. Lápá kejì, Ambrose, òyìnbó ìjọba, ń bọ̀ wá kí i, àwọn aláàárù ló gbé e wá. Lọ́dún 1924 ilẹ̀kùn náà dé ibi ìpàtẹ ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley. British Museum rí i, ó wọ̀ wọ́n lójú, wọ́n ní àwọn á rà á. Kábíyèsí kọ̀, kò gbowó. Ohun tó gbà ni pé kí wọ́n fi ìtẹ́ ọba tí wọ́n kàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pààrọ̀ rẹ̀. Bí ilẹ̀kùn ṣe bá òyìnbó lọ nìyẹn. Ní ìlú Bìní lọ́dún 1897, ogun ni wọ́n gbé wọ̀lú kí wọ́n tó kó idẹ. Ní Ìkẹ́rẹ́, àga ni. A ò sì tíì gbọ́ pé ará Lọ́ńdọ̀nù kan gba físà wá sí Èkìtì nítorí àga náà.

Bọ̀dá ò béèrè ilẹ̀kùn. Kò mọ̀ pé ó wà.

Iwájú orí idẹ Ifẹ̀ ni inú ti bí i. "Olè!" ló kígbe sínú fóònù. Òyìnbó jalè lóòótọ́, Bìní ń jẹ́rìí, ṣùgbọ́n orí yìí, rírà ni wọ́n rà á. Lọ́dún 1938, níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ n'Ífẹ̀, orí idẹ tó lé ní mẹ́wàá jáde látinú ilẹ̀. Ọ̀kan bọ́ sọ́wọ́ akọ̀ròyìn òyìnbó kan. Nígbà tó fi máa di 1939, ó ti wọ Lọ́ńdọ̀nù. Méjì gba Amẹ́ríkà lọ, wọ́n sì dá wọn padà lọ́dún 1950. Àwọn tí kò lọ síbì kankan ńkọ́? Bọ̀dá ò tíì fojú kàn wọ́n rí.

Kí wọ́n dá ẹrù padà, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Jámánì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá ti Bìní padà láti 2022. Òfin 1963 tí British Museum ń sá sábẹ́ rẹ̀ pé òun ò lè dá ẹrù padà, èèyàn ló ṣe é, èèyàn lè tún un ṣe. Àmọ́ ẹnu wo la fẹ́ fi béèrè? Ilé Ilójò wà ní Tinúbú l'Ékòó, ilé àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà wálé. Láti 1956 ni ìjọba ti kà á kún ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Bẹ́ẹ̀, láti 1984 ni Brazil ti fọwọ́ sí i pé kí òfin dáàbò bo Casa Branca ní Salvador, ilé òrìṣà tí ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Wọ́n ń tọ́jú ilé tiwa lọ́dọ̀ wọn. A wó tiwọn lọ́dọ̀ wa.

Igbó Ọ̀ṣun gan-an, obìnrin Austria kan, Susanne Wenger, tó dé Nàìjíríà lọ́dún 1950, wà lára àwọn tó dènà káwọn èèyàn má gé e tán kí UNESCO tó kà á kún ogún ayé lọ́dún 2005. Àlejò ló ń bá onílé ṣọ́lé! Èsìẹ́ náà wà ní Kwara, ère òkúta tó lé ní 800, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, 1945. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Bọ̀dá ti gba Ọ̀mù-Àrán nítòsí ibẹ̀ lọ síbi ìgbéyàwó. Kò yà.

Nígbà tó dé láti Lọ́ńdọ̀nù, ó pe àwọn ọmọ jọ, ó ṣí fóònù. "Ẹ wò ó, orí Ifẹ̀ rèé." Àbíkẹ́yìn wò ó títí. "Dádì, ṣé Lọ́ńdọ̀nù ni Ifẹ̀ wà ni?"

Ẹnuwá ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ifẹ̀ wà, lẹ́bàá ààfin Ọọ̀ni, láti 1954. Tẹ́ẹ bá ti dé Ìbàdàn, mọ́tò Ifẹ̀ lẹ máa wọ̀.