Ẹ Bi Bàbá Àgbà Léèrè: Ìṣirò Tí Kò Ní Nọ́ńbà

*Bàbá Àgbà, ẹ gbà mí. Ẹ fún mi ní matrix, n ó fọ́ ọ bí ẹní fọ́ ẹ̀pà. Àmọ́ ní sẹ̀mẹ́sítà yìí, olùkọ́ wa kò kọ nọ́ńbà kankan. Ó ní "Ẹ jẹ́ kí V jẹ́ vector space," ó to òfin mẹ́jọ kalẹ̀, ó ní ká ṣe proof pé òdo kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ta ló sọ pé méjì ni? — Orí Gbóná, Under G, Ògbómọ̀ṣọ́.*

Orí Gbóná, pẹ̀lẹ́. Pa ìwé dé, gba ọ̀dọ̀ alámàlà lọ ní Tákìè. Ìkòkò mẹ́ta ló wà níwájú ẹ̀: gbẹ̀gìrì, ewédú, ọbẹ̀ ata. Ṣíbí mélòó nínú èyí, mélòó nínú tọ̀hún, vector nìyẹn. Bí ẹnìkan bá gbé àbùlà dé pé ìkòkò kẹrin nìyí, lé e. Kí ló wà nínú àbùlà tí kò sí nínú àwọn yòókù? Linear dependence nìyẹn.

Òdo ni abọ́ òfìfo. Ká ní méjì ni, da ọ̀kan sínú èkejì. Èyí kò fi nǹkan kan kún tọ̀hún, tọ̀hún náà kò fi nǹkan kan kún un. Ohun kan náà ni wọ́n. Proof ti parí, o ò tíì fọwọ́.

Má tíì yọ̀ o. Òfin kan ní gbogbo vector gbọ́dọ̀ ní òdì tirẹ̀, bí wọ́n bá pàdé, abọ́ á ṣófo. Ní kí alámàlà bu òdì ewédú ṣíbí méjì fún ọ, kó o wo ibi tí ìgbákọ á ti bà ọ́. Àfi tó o bá ń jẹ àwìn! Gbèsè ewédú ni òdì ewédú. Nítorí náà, máa jẹ àwìn títí yóò fi yé ọ. Tó bá béèrè owó, sọ pé Peano ará Ítálì, tó to òfin wọ̀nyẹn sílẹ̀ ní 1888, ló rán ọ níṣẹ́.

*Bàbá Àgbà, ọmọ mi ti Ògbómọ̀ṣọ́ wálé. Mo ní kó bá mi lọ ata. Ó ní àfi kí n kọ́kọ́ ṣe proof pé rodo kì í ṣe ọmọ tàtàṣé. Àbí ayé ti ta á lọ́fà ni? — Ìyá Ọlọ́mọ, Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́.*

Ìyá wa, ìdánwò ló kù díẹ̀. Grassmann, tíṣà kan ní Jámánì, kọ ìwé lórí irú ìṣirò tó ń da ọmọ yín láàmú yìí ní 1844. Kò fi bẹ́ẹ̀ tà, nígbà tó yá, wọ́n sọ ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ di bébà lásán. Tiyín ṣì lè tà. Ẹ má tíì kó ìwé ẹ̀ fún alákàrà, ẹ jẹ́ kó ṣèdánwò ná. Lẹ́yìn ìyẹn, ká jọ pín owó ẹ̀.