Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àbúrò Mi Tó Ti Ń Wá Orúkọ

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, onímáíkírósíkóòpù,

Àwòrán tó o fi ránṣẹ́ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní o ti rí irú dinoflagellate tuntun, ẹ̀dá omi tíntìntín tó ń sùn sínú ìkarahun, nínú òkúta símẹ́ńtì Ewékorò, orúkọ àfẹ́sọ́nà rẹ lo sì fẹ́ sọ ọ́. O kú oríire o. Ẹyọ mélòó lo rí ná? Ẹyọ kan ṣoṣo! Ìwọ tí kì í ra bàtà láìki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ̀ ọ́.

O ní ẹ̀gún rẹ̀ tó kúrú ló mú un yàtọ̀. Hẹn. Ẹ̀gún ti tan ẹni tó jù ọ́ lọ jẹ rí. Láwọn ọdún 1830, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan, Ehrenberg, rí irú rẹ̀ nínú pẹlẹbẹ akọ òkúta ní Berlin, ó wo ẹ̀gún, ó sì pè é ní Xanthidium, ewé inú omi odò, bẹ́ẹ̀ ọmọ òkun ni. Ó di 1961 kí William Evitt tó là á yé ayé pé ihò ara rẹ̀ ni ká wò. Ibẹ̀ ni ẹ̀mí tó sùn sínú ìkarahun náà gbà jáde nígbà tó jí. Archeopyle là ń pè é. Ti Spiniferites, ọ̀kan lára wọn, awẹ́ kan ṣoṣo ló ń ṣí kúrò lẹ́yìn. Awẹ́ wo ló ṣí lára tìrẹ? Nínú àwòrán rẹ, ìdọ̀tí ló bo ibẹ̀ pátá.

Ẹ̀gún kúkúrú náà ńkọ́? Lingulodinium machaerophorum tó gbé inú Òkun Dúdú, níbi tí iyọ̀ ò ti pọ̀, ẹ̀gún tirẹ̀ náà kúrú. Omi ló fà á, irú kan náà sì ni. Gonyaulax spinifera tún wà láyé lónìí tó ń bí oríṣiríṣi ìkarahun tí kò jọra. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ìwọ ò tíì mọ àdúgbò.

Padà sídìí òkúta rẹ. Háídírókílóríìkì ásíìdì ni kó o fi jẹ ẹfun inú rẹ̀, kó o wá fi háídírófúlóríìkì jẹ iyanrìn àti amọ̀ (abẹ́ ẹ̀rọ tó ń fa èéfín ni o, n ò ṣàwàdà níbí). Kò ní ṣe ìkarahun ní nǹkan kan, ásíìdì kì í ran awọ rẹ̀. Wá ọ̀pọ̀ jáde, wọn ẹ̀gún wọn, yí wọn wò níwájú àti lẹ́yìn. Ìgbà náà lo máa mú ẹyọ kan tó dáa ṣe holotype, ẹyọ tí orúkọ náà máa rọ̀ mọ́, wàá ya àwòrán rẹ̀, wàá sì kọ ibi tí síláìdì náà máa wà sílẹ̀ kí ẹlòmíì lè wá a kàn. Àpèjúwe rẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti Látìnì tàbí Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó ṣòfin ìsọlórúkọ ò gba Yorùbá, ó sì ń bí mi nínú.

Ṣùgbọ́n a ò kúkú sí lẹ́yìn nínú ìwé wọn. Ní 1985, Jan du Chêne àti Adediran ṣàpèjúwe àwọn tí wọ́n rí nínú àpáta Nàìjíríà: ọ̀kan ń jẹ́ Kallosphaeridium yorubaense, Ifecysta sì jẹ́ orúkọ odidi genus kan. Fi tìrẹ wé ti wọn kó o tó pariwo. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ọmọ ọlọ́mọ lo gbé pọ̀n.

Má tíì sọ fún àfẹ́sọ́nà o. Bó o bá ti sọ fún un, n ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tó o bá ń ṣàlàyé fún un pé irú tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ti di Lingulodinium ẹlẹ́gùn-ún kúkúrú.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ.