Bí Mo Ṣe Ń Fi Bíréèkì Sọ̀rọ̀

Ẹni tó bá rò pé gẹ́ẹ̀mù kò lè dójú ti àgbàlagbà, kó wá bi mí ní Ìrókò. Bàálù kì í balẹ̀ sí ìlú wa. Ọkọ̀ Mọ́níyà àti ti Fìdítì la mọ̀. Apá Alákìá lọ́hùn-ún ni pápá ọkọ̀ òfurufú Ìbàdàn wà. Ṣùgbọ́n nínú Microsoft Flight Simulator tó jáde ní 2020, ẹgbẹẹgbẹ̀rún pápá ayé ló wà níbẹ̀, títí kan Alákìá, tí àmì rẹ̀ ń jẹ́ DNIB. Bí mo ṣe di páílọ́ọ̀tì nìyẹn.

Mo ra ọ̀pá ìdarí, mo ra hẹ́ẹ̀dfóònù tó ní máíkì lẹ́nu. Ìwé ìlò tó bá wọn wá, mo fi di ẹ̀pà.

Ọ̀pá ló kọ́kọ́ fi mí ṣẹ̀sín. Bí mo bá fọwọ́ kúrò lára rẹ̀ báyìí, bàálù á yà sápá òsì, ó di inú koríko. Mo ní atẹ́gùn ni. Mo wá ń fi gbogbo ara fì sápá ọ̀tún lórí àga, bí èrò inú dánfó tó ń já kọ́nà. Ọ̀pá kì í dúró ṣánṣán láàárín. Àyè kan wà nínú ètò rẹ̀ tí èèyàn ti ń sọ fún bàálù pé kó má ka ìmìtìtì kékeré sí. Èmi ò débẹ̀.

Mo kọjá sí VATSIM, ìkànnì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ti wà láti 2001. Níbẹ̀, àwọn olùyọ̀ǹda láti orílẹ̀-èdè gbogbo ń ṣe adarí ọkọ̀ òfurufú, àwọn mìíràn ń wa bàálù, ẹnu ni wọ́n sì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹ ó tẹ bọ́tìnnì kí ẹ tó sọ̀rọ̀, ẹ ó jọ̀wọ́ rẹ̀ kí ẹlòmíràn lè fèsì. Mo yan bọ́tìnnì iwájú ọ̀pá. N kò wò ó pé bíréèkì ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ní pápá Murtala Muhammed l'Ékòó, adarí ní kí n máa gbéra. Bàálù mi, Cessna 172, ní láti sáré tó nǹkan bí kìlómítà 100 ní wákàtí kan kó tó gbé imú sókè. Mo tẹ bọ́tìnnì láti dáhùn, bàálù dúró gbagidi. Mo panu mọ́, ó sáré. Mo ní kí n ṣàlàyé ìdí tó fi dúró, ó tún dúró.

Ẹ̀rù bà mí, mo di bíréèkì mú pinpin. Mo gbàgbé pé máíkì náà ni mo dì mú. Hẹ́ẹ̀dfóònù wà létí mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n máíkì ti kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló ń gbọ́ gbogbo nǹkan, ó sì kọjú sí àgbàlá. Ewúrẹ́ ké. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ hó yàà. Màmá mi wá ké láti ẹ̀yìnkùlé: "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ò ní wá gbé ẹ̀gẹ́ yìí ni?"

Nígbà tí mo jọ̀wọ́ bọ́tìnnì, adarí dá mi lóhùn ní Yorùbá: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ gbé ẹ̀gẹ́ fún màmá ná, kí àwọn tó wà lẹ́yìn yín lè ráyè gbéra."

Ẹ má rò pé adarí náà le jù; ọ̀rọ̀ tó bá dí ara wọn lórí rédíò lè pa èèyàn. Ní 27 oṣù Kẹta 1977, lórí erékùṣù Tenerife, adarí àti awakọ̀ bàálù Pan Am sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lórí rédíò. Híhan fíì-fíì ló bo ọ̀rọ̀ wọn mọ́lẹ̀ létí àwọn awakọ̀ bàálù KLM. Èyí wà lára ohun tó jẹ́ kí Boeing 747 méjì kọlu ara wọn, tí èèyàn 583 fi kú.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi páílọ́ọ̀tì orí àga, ẹ yan máíkì tó tọ́ nínú kọ̀ǹpútà, ẹ gba ohùn ara yín sílẹ̀ kí ẹ gbọ́ ọ. Ẹ wo iṣẹ́ tó wà lórí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan, ẹ yọ èyí tó bá di méjì. Bí màmá bá sì wà nílé, ẹ jíṣẹ́ wọn tán kí ẹ tó tan rédíò.