Ìyàwó Ilé Ológun Kútere

Ẹ̀yin ìyàwó ilé tẹ́ ẹ ń ráhùn pé ẹbí ọkọ yín pọ̀ jù, pé wọn kì í ránṣẹ́ kí wọ́n tó dé, ẹ gbẹ́nu dákẹ́ díẹ̀. Ní 1833, ọkùnrin kan ṣoṣo ni Ẹfúnróyè Tinúbú fẹ́. Odidi ilé Ológun Kútere, bàbá ọkọ rẹ̀, ló bá a wọlé.

Opó ni, ọmọ Ẹ̀gbá, ọmọkùnrin méjì sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Adélé, ọkọ tó fẹ́, ní tirẹ̀ ti jọba Èkó rí, kí Òṣìnlókun, ọmọ bàbá rẹ̀, tó gba ìtẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá jókòó ti wa ní Àgbádárìgì. Ọba tí wọ́n gba ìlú lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní gbàgbé bí wọ́n ṣe ń gba ẹ̀bùn: nígbà tí Richard Lander, arìnrìn-àjò òyìnbó, àti àbúrò rẹ̀ gúnlẹ̀ sí etíkun wa ní 1830, ohun tí Adélé ní kí wọ́n fún òun gùn ju odò Ọya tí wọ́n ń wá lọ.

Àgbádárìgì yìí náà ni ibà ti pa àwọn ọmọ Tinúbú méjèèjì. Ibẹ̀ náà ló ti fi orúkọ ọkọ rẹ̀ wọnú òwò: iyọ̀, tábà, àti ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rín dúró níbí. Mo lè fi ìyá yìí ṣe ẹ̀fẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ kò lè fọ ti ẹrú.

Ní 1835, Èkó ránṣẹ́ pe Adélé padà. Ọdún 1837 ló wàjà. Ìyàwó mìíràn ì bá kẹ́rù rẹ̀ lọ sílé bàbá rẹ̀. Rárá o! Ó gbè sẹ́yìn Olúwọlé, ọmọ ọkọ rẹ̀, kí Kòsọ́kọ́, ọmọ Òṣìnlókun, má baà jọba, ó sì fẹ́ Yésúfù Badà, balógun Olúwọlé. Ètù bú gbàmù pa Olúwọlé ní 1841, ó kan Akítóyè, àbúrò Adélé. Kòsọ́kọ́ lé ìyẹn ní 1845. Ọmọ ọmọ Ológun Kútere ni Kòsọ́kọ́ náà, ọkọ ni! Ìyàwó kì í sì pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ. Tí ó bá pe Adélé ní Olówó-orí-mi, tí ó pe àwọn yòókù ní Awẹ́lẹ́wà, Ìbàdí-àrán àti Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, kí ló máa wá pe Kòsọ́kọ́?

Ẹ gbọ́, àwọn òyìnbó ń gbé Margaret Beaufort gẹ̀gẹ̀, ìjòyè obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fẹ́ ọkọ mẹ́rin, tí ọmọ rẹ̀ sì jọba ní 1485. Ọba kan péré! Ìyẹn ni wọ́n ń pariwo lé lórí.

Akítóyè tí wọ́n lé ńkọ́? Níbo ni ì bá tún gbà, bí kò ṣe Àgbádárìgì? Tinúbú náà ti wà níbẹ̀, ó ń dáná ìpadàbọ̀ rẹ̀. Èmi ọmọ Àgbádárìgì ló ń sọ ọ́: Èkó ń lé ọba, àwa ń tẹ́ ẹní. A ò gba owó ilé.

Ọkọ̀ ogun òyìnbó gbé Akítóyè padà ní December 1851. Nígbà tó kú ní 1853, Dòsùnmú ọmọ rẹ̀ jọba, ẹnu Tinúbú sì tólẹ̀ láàfin. Kò sí ọkọ kan nínú ilé náà tó lè dá a dúró. Kọ́ńsọ́lù Benjamin Campbell, tí kò bá wọn tan rárá, ló ki Dòsùnmú láyà títí tó fi lé ìyá náà kúrò nílùú ní 1856. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, Dòsùnmú fọwọ́ síwèé, Èkó di ti òyìnbó. Kò sáà sí ìyá àgbà nílé mọ́ tí yóò bi í pé, "Ọkọ mi, kí lẹ̀ ń fọwọ́ sí un?"

Ní Abẹ́òkúta tó gbà lọ, Tinúbú kó ohun ìjà fáwọn Ẹ̀gbá lójú ogun Dahomey, wọ́n sì fi jẹ Ìyálóde ní 1864. Ẹ rò pé ó ti sinmi? Ní 1879, ìtẹ́ Aláké ṣófo, ó tún dìde, ó ní Oyèékàn ni kí wọ́n fi jẹ. Èyí kì í tilẹ̀ ṣe ọkọ rẹ̀, kì í ṣe ọmọ ọkọ rẹ̀, kì í ṣe àbúrò ọkọ rẹ̀. Ọwọ́ ló ń yún un.