Pọ́ńpù Tí Kò Ṣẹ̀

Àwa tí a gbẹ́ kànga sẹ́yìn ilé, tí a gbé pọ́ńpù sẹ́nu rẹ̀, ní ìwà kan tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ lórúkọ gbogbo wa, èmi ni n ó sì kọ́kọ́ nawọ́: bí omi kò bá ti yọ, pọ́ńpù la máa ń mú. A kì í bi páìpù ní nǹkan kan, a kì í yọjú wo kànga, a kì í fọwọ́ kan táǹkì. Pọ́ńpù ló ń pariwo, òun la fowó gidi rà, òun náà ló sì rọrùn jù láti tú palẹ̀ níwájú ìyàwó àti àwọn ọmọ, kí ẹni tó tú u lè jọ ẹni tó mọ nǹkan tó ń ṣe. Orí yéye ní Mògún, tàìṣẹ̀ ló pọ̀. Ẹ lọ wo ìsọ̀ àwọn tó ń ra irin àlòkù. Lójú tèmi, afẹ́fẹ́ ló yẹ ká kọ́kọ́ fura sí: èyí tó wọ ibi tí kò yẹ kó wọ̀, àti èyí tó sá kúrò níbi tó yẹ kó dúró sí.

Àṣìṣe yìí kò bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ wa, ìyẹn sì tù mí nínú díẹ̀. Nínú ìwé kan tí Galileo gbé jáde ní 1638, ọ̀kan nínú àwọn tó ń fọ̀rọ̀ wérọ̀ níbẹ̀, Sagredo, ròyìn pọ́ńpù kan tó kọ̀ tí kò fa omi mọ́ nígbà tí omi lọ sílẹ̀. Ó ṣe ohun tí gbogbo wa ń ṣe, ó ránṣẹ́ pe oníṣẹ́. Oníṣẹ́ ní kò sí ohun tó ṣe pọ́ńpù, omi ló jìn jù. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Torricelli ló wá tú u mọ́lẹ̀ ní 1644: pọ́ńpù kì í fa omi gòkè rárá. Ó kàn ń kó afẹ́fẹ́ kúrò nínú páìpù ni; ìwúwo afẹ́fẹ́ tó tẹ omi kànga lórí ló ń ti omi náà wọlé. Ìwúwo yẹn kò sì lè gbé omi ju nǹkan bíi mítà 10 lọ. Nínú ilé tiwa, pẹ̀lú páìpù tó wọ́ síhìn-ín wọ́ sọ́hùn-ún, bí mítà 7 tàbí 8 ni yóò ti sú u. Ìdí nìyẹn tí pọ́ńpù orí ilẹ̀ tó ń ṣe bẹbẹ nínú oṣù Kẹsàn-án fi lè ya odi nínú oṣù Kẹta, nígbà tí ẹ̀rùn ti mú omi lọ sísàlẹ̀. Àwa a sì lọ ra èyí tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì tàkọ́kọ́, bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ayé máa ń yẹ rìsíìtì wò kó tó tẹ omi.

Bí omi kò bá jìn, ihò kékeré ló kù. Páìpù tó ti inú kànga wá sídìí pọ́ńpù kò dà bí àwọn yòókù nínú ilé: bó bá ti ń ṣiṣẹ́, kì í jò síta, inú ló ń jò sí. Àwa a fọwọ́ pa á láti òkè délẹ̀, a ó bá a pé ó gbẹ táútáú, a ó sì dá a sílẹ̀. Gbígbẹ rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí kankan. Afẹ́fẹ́ ló ń gba ojú ìsopọ̀ wọlé, ó sì fúyẹ́ ju omi lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 800, nítorí náà pọ́ńpù ń yí lásán ni, kò rí nǹkan gbá mú. Ẹ fi ọṣẹ tó hó dáadáa kun ojú ìsopọ̀ nígbà tí ẹ̀rọ ń yí: ibi tó ń jò yóò gbé ọṣẹ náà mì lójú yín. Bí omi tí ẹ rọ sínú pọ́ńpù bá sì ń sá padà sínú kànga, foot valve ìsàlẹ̀ páìpù ni kò padé. Ó lè jẹ́ ewé tàbí òkúta wẹ́wẹ́ ló há sí i lẹ́nu. Àmọ́ ká sòótọ́, púpọ̀ nínú wa kì í tilẹ̀ rọ omi sí i. A gbà pé ẹ̀rọ tó ń pèsè omi kò gbọ́dọ̀ máa tọrọ omi.

Ẹnìkan yóò ní, iná ńkọ́? Mo gbà. Áfù kọ́rẹ́ǹtì ti pa pọ́ńpù púpọ̀, kapasítọ̀ náà sì ń kú. Ṣùgbọ́n etí lásán lè ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀. Pọ́ńpù tó ń kùn tí kò yí, ẹ pe rìwáyà. Èyí tó ń yí geere tí omi kò yọ, ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ ni, bí iná bá ti pé. Ẹlòmíràn yóò ní sumo lòun ń lò, pé inú omi ló wà, níbo ni afẹ́fẹ́ yóò gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? Òótọ́ ni, sumo ń ti omi ni, kì í fà á. Àmọ́ bí omi bọ́ọ̀hóò bá lọ sílẹ̀ jù ú lọ, afẹ́fẹ́ ni yóò yí i ká, bẹ́ẹ̀ omi yẹn kan náà ló ń mú un tutù.

Ọ̀rọ̀ prẹ́ṣọ̀ táǹkì ló wá dùn jù. Ẹni tó ní táǹkì lórí òpó lè má mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n mítà 6 sókè kò fún ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ ju nǹkan bíi psi 8 àti ààbọ̀ lọ, ṣáwà ìgbàlódé sì ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí táǹkì kékeré roboto yìí fi ń wọ ilé wa. Ìdajì ohun tó wà nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ ni. Afẹ́fẹ́ náà ló ń ti omi jáde kí pọ́ńpù lè sinmi. Bó bá tán, omi kò ṣeé fún pọ̀: ẹ fọ ọwọ́ lásán, pọ́ńpù á dìde, á jókòó, á tún dìde, títí ara rẹ̀ á fi gbóná. Àwa a ní ó ti ń ṣe wèrè. Nọ́sù tó wà lára táǹkì náà kò yàtọ̀ sí ti táyà ọkọ̀, fọ́kánáísà ìta sì lè wúlò níbẹ̀ ju plọ́ḿbà lọ. Ẹ pa iná, ẹ tú omi jáde tán, ẹ wá fi géèjì táyà wọ̀n ọ́n: bí pọ́ńpù bá ń dìde ní psi 20, kí afẹ́fẹ́ jẹ́ 18. Àwa tí a ń wọ̀n ọ́n nígbà tí omi ṣì kún inú rẹ̀, agbára omi là ń kà, tí a ń yọ̀. Bí omi bá sì tú láti ẹnu nọ́sù, rọ́bà inú rẹ̀ ti bẹ́.

Dípò èyí, sùpánà la máa ń mú, a ó yí nọ́ọ̀tì orí swíìṣì tó ń tan pọ́ńpù tó sì ń pa á, kí pọ́ńpù lè máa ṣiṣẹ́ títí dé psi 60. Pọ́ńpù tí agbára rẹ̀ kò ju 45 lọ kò ní débẹ̀ láéláé, kò sì ní dáwọ́ dúró. Yóò máa yí láti àṣálẹ́ di ìdájí, omi inú rẹ̀ á hó, sílì á yọ́, wáyà á jóná. Nígbà yẹn, pọ́ńpù ti bàjẹ́ lóòótọ́, a sì lè gbé e lọ fún onírin àlòkù láìṣiyèméjì.