Ọ̀rọ̀ Ìyànjú fún Gbogbo Abìyẹ́ Inú Dungeons & Dragons

Ẹ dákẹ́. Ẹni tó ń ju dáìsì, kó gbé e sílẹ̀ ná. Ẹ̀yin òwìwí, ẹ̀yin idì, ẹ̀yin dírágónì tó gbójú lé apá, ẹ̀yin ni mo pè, àti ẹ̀yin ọmọ tó ń rán wọn níṣẹ́.

Àwọn baba wa ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ ẹ́ fò láìfara kanra. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa kò pàdé oṣó tó mọ Wind Wall. Ọfọ̀ ìpele kẹta ni. Nínú ìwé òfin 2014, ògiri afẹ́fẹ́ yìí lè gùn tó 50 ẹsẹ̀ bàtà, kó ga tó 15, síbẹ̀ kò nípọn ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ. Abìyẹ́ tí ìwé bá pè ní Small, tàbí tó kéré jù bẹ́ẹ̀, kò gbọdọ̀ kọjá. Òwìwí, dúró. Idì baba ẹyẹ, ìwọ náà dúró, Small ni wọ́n kọ síwájú orúkọ rẹ. Ọfà pàápàá á yà sókè. Àmọ́ àpáta tí òmìrán bá sọ á kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, dírágónì á sì kọjá tẹ̀ lé e. Ìgbà wo ni òfin mú ẹni ńlá rí?

Èyí tó dùn mí jù ni ohun èlò rẹ̀: abẹ̀bẹ̀ kékeré kan àti ìyẹ́ ẹyẹ ilẹ̀ òkèèrè. Ìyẹ́ ẹyẹ ni wọ́n fi ń dí ẹyẹ lọ́nà! Ẹyẹ wo ló fún wọn? Kó jáde síta. Ti Gust of Wind, ọfọ̀ ìpele kejì, hóró ẹ̀wà tàbí irú rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe ìjì jáde. Ẹ̀wà, lẹ́yìn náà afẹ́fẹ́. Àgbàlagbà kì í ṣàlàyé irú èyí láwùjọ.

Nínú ìwé 2003, Gust of Wind mọ ẹni tó ń fò yàtọ̀ sí ẹni tó ń rìn. Abìyẹ́ tó tó ènìyàn, ìjì á gbá a sẹ́yìn; èyí tó kéré sí i, á gbá a jìnnà jù bẹ́ẹ̀; irú òwìwí ló ń jìnnà jù, á sì tún fara gbọgbẹ́. Ní 2014, wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ di ọ̀kan: ẹni tí dáìsì bá kọ̀ fún, 15 ẹsẹ̀ bàtà ni wọn ó tì í, ì báà fò, ì báà rìn. Ó rọrùn láti ṣírò, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà lókè, kí ni yóò dì mú? Ti 2003 ni mo fara mọ́.

Dírágónì, má rẹ́rìn-ín. Control Winds ń bẹ, ìpele karùn-ún. Oṣó lè ní kí afẹ́fẹ́ máa ya lulẹ̀ nínú àyè tó fẹ̀ ní 100 ẹsẹ̀ bàtà tó sì ga bẹ́ẹ̀. Abìyẹ́ tó bá wọ ibẹ̀ tí agbára rẹ̀ ò gbé e, ilẹ̀ ló ń lọ, dáìsì olójú mẹ́fà kan fún gbogbo ẹsẹ̀ bàtà 10 tó bá já. Afẹ́fẹ́ á ti fẹ́, a ó ti rí fùrọ̀ dírágónì. Oṣó tó fi ọfọ̀ Fly gbéra ńkọ́, tí kò ní ìyẹ́ kan lára? Bí wọ́n tilẹ̀ gbá a dọ̀bálẹ̀ lójú ọ̀run, kò ní já, ọfọ̀ ló gbé e dúró.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ, ẹ ṣí ìwé, ẹ wo bí ẹyẹ yín ṣe tóbi tó, kí ẹ tó rán an lọ ṣe amí. Hit point kan péré ló wà lára òwìwí tí ẹ fi Find Familiar pè. Bí ó bá kú, owó wúrà 10 àti wákàtí kan gbáko ni ẹ ó fi pe òmíràn, ó kéré tán.