Tòkunbọ̀ Tó Ti Di Bàbátúndé

Àbúrò mi tó ń gbé ní Jámánì pè mí nínú oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá. Ó ní òun wà lórí ìlà lọ́dọ̀ àwọn tó ń pààrọ̀ táyà. Àyà mi já. Mo ní, "Ṣé kò sí o? Ṣé ojú ọ̀nà ló bẹ́ sí ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Rárá o, ẹ̀gbọ́n mi. Kò bẹ́. Àsìkò ló yí, òtútù ń bọ̀."

Mo dákẹ́. Ó ti pé ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti ń wakọ̀ ní Ìbàdàn, n kò tíì rí ẹni tó yọ táyà tó ṣì ń yí. Táyà tiwa kì í fẹ̀yìn tì, ẹnu iṣẹ́ ló ń kú sí.

Ó ṣàlàyé fún mi pé lọ́dọ̀ wọn, ọkọ̀ kan máa ń ní táyà oríṣi méjì, ti ooru àti ti òtútù. Láti oṣù kẹwàá títí di ọdún Àjíǹde ni ti òtútù máa ń wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀. Wọ́n ṣe rọ́bà rẹ̀ kó rọ̀, kó má baà gan pa nígbà tí yìnyín bá dé. Bí ojú táyà kò bá sì jìn tó mílímítà 1.6 mọ́, òfin ti lé e kúrò lójú títì nìyẹn. Àwọn ọlọ́gbọ́n wọn kì í tilẹ̀ dúró dìgbà náà. Wọ́n á ki owó ẹyọ Yúrò kan bọ ojú táyà. Etí aláwọ̀ wúrà tó yí owó náà ká fẹ̀ tó mílímítà 3. Bí etí yẹn bá ti hàn síta, wọ́n á lọ ra òmíràn.

Èmi náà fẹ́ dán an wò, àmọ́ n kò rí owó ẹyọ. Ẹ̀yin ńkọ́, ìgbà wo lẹ fojú kan kọ́bọ̀ gbẹ̀yìn? Mo bá gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà ìkóríta wa, tí kò nílò owó ẹnikẹ́ni láti fi wọn nǹkan. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi àtàǹpàkò ra táyà tó ń dán bí orí mi, ó ní, "Ọ̀gá, ó ṣì lójú."

Mo gbà á gbọ́. Ọyẹ́ dé, ó lọ. Eruku kún inú fílítà afẹ́fẹ́ débi pé ẹ́ńjìnnì ń wúkọ́ bí arúgbó. Mo gbọn fílítà náà mọ́ ògiri lẹ́ẹ̀mẹta, mo dá a padà. Ìtọ́jú ọkọ̀ nígbà ọyẹ́ parí síbẹ̀.

Òjò àkọ́rọ̀ ló wá túdìí àṣírí. Bí ó bá ti pẹ́ tí ilẹ̀ ti gbẹ, gbogbo epo tó ń kán lábẹ́ ọkọ̀ wa yóò ti bá eruku lẹ̀ mọ́ ọ̀dà títì. Òjò kékeré kàn ń pò ó ni, títì á wá máa yọ̀ bí ilá. Lẹ́yìn tí òjò ńlá bá ti fọ̀ ọ́ ló tó máa ń dára díẹ̀. Lọ́jọ́ náà, mo ń sọ̀ kalẹ̀ láti Mókọ́lá, mo tẹ bíréèkì, bíréèkì dáhùn, táyà kò dá sí i. Iṣẹ́ kòtò ojú táyà ni kó máa tú omi dànù kí rọ́bà lè kan ilẹ̀. Tèmi kò ní kòtò kankan, orí omi ló ń lọ bí ọkọ̀ ojú omi. Ìdí Micra kan ló gbà mí dúró. Wọ́n kọ "Ààbò Mi Dájú" sí gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀. Ààbò rẹ̀ dájú lóòótọ́, iná iwájú tèmi ló fọ́. Awakọ̀ náà bọ́ sílẹ̀, ó wo táyà mi, ó wo ojú mi, ó ní, "Alàgbà, ẹ̀yin náà?"

Mo padà sọ́dọ̀ fọkanáísà pé kó fún mi ní tuntun. Ó fa ọ̀kan yọ lẹ́yìn ìsọ̀, ó ti fi nǹkan dúdú kùn ún títí ó fi ń kọ mànà. "Tòkunbọ̀ ni, ọ̀gá. Jámánì gan-an." Ẹ rántí pé táyà àlòkù irú èyí wà lára ọjà tí Àjọ Aṣọ́bodè ní kò gbọdọ̀ wọ orílẹ̀-èdè yìí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìkóríta tí ẹ ó ti rí i kò ju gbogbo ìkóríta lọ.

Mo ní kó jẹ́ kí n rí ọjọ́ ìbí rẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin wà ní ìhà táyà, níparí àwọn lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT. Méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀sẹ̀, méjì tó kẹ́yìn jẹ́ ọdún. 1114 ló wà lára ti wa yìí: ọ̀sẹ̀ kọkànlá, ọdún 2014. Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ní ọdún mẹ́rin ni kí á fi lo táyà láti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Tòkunbọ̀ ni wọ́n ń pè é, Bàbátúndé ló yẹ kó máa jẹ́.

Mo tún rí àwòrán òkè kan lára rẹ̀, pẹ̀lú nǹkan bí ìràwọ̀ láàárín. Mo bi í léèrè.

"Òkè Olúmọ ni, ọ̀gá. Ó ní láti jẹ́ pé ọmọ Ẹ̀gbá ló ni iléeṣẹ́ náà."

Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí àbúrò mi. Ó ní àmì yìnyín ni, pé táyà òtútù gidi ni, irú èyí tí àwọn máa ń yọ dànù. Rọ́bà tí wọ́n mú rọ̀ nítorí yìnyín ni mo fẹ́ fi sáré lórí títì Ìbàdàn nínú oòrùn oṣù kẹta! Mo béèrè iye tó jẹ́. Mo béèrè iye tí tuntun jẹ́. Mo ra ti Olúmọ.

Ẹ má tíì bú mi. Àwọn tó ń bú mi ló ń tan iná méjèèjì tó ń ṣẹ́jú bí òjò bá ti ń rọ̀, tí wọ́n sì ń sáré lọ, tí ẹni tó wà lẹ́yìn kò fi ní mọ̀ bóyá wọ́n fẹ́ yà tàbí wọ́n ti dúró. Àwọn kan náà ni wọ́n ń tẹ̀ lé tírélà wọnú àgbàrá torí pé tírélà kọjá. Ihò imú tírélà wà lókè, ti ọkọ̀ yín wà nítòsí ilẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá fa omi símú, omi kì í ṣe afẹ́fẹ́ tí písítìnì lè fún pọ̀. Irin inú rẹ̀ ni yóò tẹ̀. Ní ìlú tí odò Ògùnpa ti gbé ọkọ̀ lọ lọ́dún 1980, a ṣì ń bi ara wa bóyá omi jìn.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, èmi àti ìyàwó mi ń bọ̀ láti òde ìgbéyàwó, ọ̀wààrà òjò dé. Mo tẹ wípà. Oòrùn ti sá rọ́bà rẹ̀ gbẹ láti ìgbà ọyẹ́. Ti iwájú mi hó gèè lẹ́ẹ̀kan, ó kú. Ti iwájú ìyàwó mi nìkan ló ń ṣiṣẹ́, ó sì ń ṣe é dáadáa.

"Bàbá Bọ́lá, ẹ rọra, kẹ̀kẹ́ Màrúwà wà níwájú."

"Ọ̀tún tàbí òsì?"

"Ó ti yà. Ẹ máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Kòtò, kòtò! Ẹ fà á sí ọ̀dọ̀ mi."

Báyìí la ṣe délé.